Ohun tójú mi rí nígbà tí mo yọ dírọ́ọ̀mù ẹ̀yìn Golf 3 mi tí mo fi dísìkì sí i

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wa Golf 3 tàbí Vento, tí ẹnì kan sì ti ń sọ fún yín pé kẹ́ ẹ yọ bíréékì oní-dírọ́ọ̀mù ẹ̀yìn (agolo irin tí ṣúù ń tẹ̀ mọ́ láti inú) dànù kẹ́ ẹ fi oní-dísìkì (àwo irin tí pádì ń fún láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì) sí i, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ ka èyí kẹ́ ẹ tó náwó. Mi ò sọ pé kò dáa o. Mo ti ṣe é, ọkọ̀ náà wà lọ́wọ́ mi, òun náà ni mò ń wà. Àmọ́ iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ pọ̀ ju bí wọ́n ṣe ń fẹnu sọ ọ́ lọ, ibi tí gbogbo èèyàn sì ń wò kọ́ nibi tó le.

Iléṣà ni mò ń gbé, iṣẹ́ sì ń gbé mi lọ sí Adó-Èkìtì lóòrèkóòrè. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà yẹn mọ̀ pé téèyàn bá ti yà ní Ìwàràjà, òkè ló kù, kọ́nà lórí kọ́nà títí dé Ẹ̀fọ̀n Aláayè, tírélà níwájú ẹni, tírélà lẹ́yìn ẹni. Golf tèmi, ẹ́ńjìnì 1.8 ni, ọdún 1996, tokunbọ̀ ni mo rà á, dísìkì níwájú, dírọ́ọ̀mù lẹ́yìn, kò ní ABS, ìyẹn ohun tí kì í jẹ́ kí táyà há téèyàn bá tẹ bíréékì le.

Iná ló bẹ̀rẹ̀ wàhálà. Iná pupa bíréékì orí dáṣíbọ́ọ̀dù á kàn tàn fìrí tí mo bá ń sọ̀kalẹ̀ òkè tí mo sì ya kọ́nà, tí ọkọ̀ bá ti tọ́ padà á kú. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ rewáyà, ó ní sẹ́ńsọ̀ ló bàjẹ́, ó yọ wáyà tó wà lórí ìdérí agolo ọ́ìlì bíréékì, iná ò tàn mọ́, mo sanwó, mo tún dúpẹ́. Ohun méjì ni iná yẹn máa ń sọ fún èèyàn lára Golf: yálà hándibíréékì ṣì wà lókè, tàbí ọ́ìlì bíréékì ti ń lọ sílẹ̀ nínú agolo ẹ̀. Tí ọ́ìlì bá ti dín kù, tí ọkọ̀ wá dorí kodò tàbí tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọ́ìlì á ṣàn lọ sápá kan, ohun tó léfòó nínú agolo á lọ sílẹ̀, iná á tàn. Sẹ́ńsọ̀ ò ní àrùn kankan. Ọ́ìlì ló ń jò.

Ọjọ́ òjò kan, mò ń bọ̀ láti Adó, mo ti kọjá Ẹ̀fọ̀n, mò ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ sí Ìwàràjà. Mo tẹ bíréékì, ẹsẹ̀ mi wọlẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Mo tún un tẹ̀, ó tún wọlẹ̀. Àyà mi já. Mo já jíà sí kejì, ẹ́ńjìnì han goooro, mo ń pọ́ǹpù bíréékì yẹn láìdúró, ó ń mú díẹ̀díẹ̀, tírélà kan wà níwájú mi tó ń rọra lọ ní tiẹ̀, èmi ò sì rí ibi tí mo lè yà sí. Mo kàn ń pe Ọlọ́run ni. Orí ló yọ mí, mo dé ìsàlẹ̀. Mo pa ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo jókòó sínú ẹ̀, ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n, mi ò lè sọ̀kalẹ̀.

Wọ́n ṣàlàyé fún mi lẹ́yìn náà ìdí tí bíréékì yẹn ò fi lọ pátápátá. Másítà sílíńdà Golf, ìyẹn pọ́ǹpù tí ẹsẹ̀ bíréékì ń tì kí ọ́ìlì lè lọ síbi táyà, pín sí ọ̀nà méjì tó kọjá ara wọn: iwájú ọ̀tún pẹ̀lú ẹ̀yìn òsì, iwájú òsì pẹ̀lú ẹ̀yìn ọ̀tún. Bí ọ̀kan bá gbẹ, ìkejì á ṣì mú. Ìdajì bíréékì ni mo fi sọ̀kalẹ̀ òkè Ẹ̀fọ̀n nínú òjò.

Nígbà tí ọ̀gá mẹkáníìkì mi tú táyà ẹ̀yìn lọ́wọ́ òsì, tó fi òòlù gbá dírọ́ọ̀mù kó tó gbà láti yọ, òórùn ọ́ìlì ló kọ́kọ́ pàdé wa. Wíìlì sílíńdà, ìyẹn ohun kékeré inú dírọ́ọ̀mù tí ọ́ìlì fi ń ti ṣúù jáde, ń jò, ọ́ìlì ti rin ṣúù méjèèjì gbingbin, eruku bíréékì ti pò mọ́ ọn di ẹrẹ̀ dúdú. Lọ́wọ́ ọ̀tún, kò jò, àmọ́ irin pẹlẹbẹ kékeré tó máa ń sọ̀kalẹ̀ fúnra ẹ̀ láti ti ṣúù jáde bí ṣúù bá ṣe ń jẹ ti dípẹtà, ó há sókè, ṣúù sì jìnnà sí dírọ́ọ̀mù. Ó ti pẹ́ tí iwájú nìkan ti ń dá ọkọ̀ yẹn dúró, èmi ò mọ̀.

Wíìlì sílíńdà méjì, ṣúù sẹ́ẹ̀tì kan, àwọn sípíríìn ẹ̀, ọ́ìlì tuntun, ìyẹn ì bá ti parí ọ̀rọ̀. Ọ̀gá mẹkáníìkì mi gan-an sọ bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan tó gbé ọkọ̀ tiẹ̀ wá síbẹ̀ ló dá sí i, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, Golf GTI asáré ń lo dísìkì lẹ́yìn. Ẹ yí i sí dísìkì jàre, ẹ máa sinmi.” Ẹ̀rù òkè yẹn ò tíì kúrò lára mi, kíá ni mo gbà. Èèyàn tí ẹ̀rù ń bà kì í bèèrè iye tí nǹkan máa ná an.

Ẹ jẹ́ n sọ èyí tí mi ò rẹ́ni sọ fún mi. Téèyàn bá tẹ bíréékì, ìwúwo ọkọ̀ á rọ́ lọ síwájú, imú á tẹ̀, ìdí á fúyẹ́. Iwájú ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yẹn, ẹ̀yìn kàn ń ràn án lọ́wọ́ ni, pàápàá nínú ọkọ̀ kékeré tí ẹ́ńjìnì ẹ̀ wà níwájú. Torí náà bẹ́ ẹ bá fi dísìkì sẹ́yìn, ẹ má retí pé ọkọ̀ á wá máa dúró gbagidi ju èyí tí dírọ́ọ̀mù ẹ̀ pé lọ. Ohun tẹ́ ẹ máa rí gbà ni pé tẹ́ ẹ bá gba inú omi kọjá á tètè gbẹ, á tètè tutù lẹ́yìn òkè gígùn, ẹ sì lè bẹ̀rẹ̀ wo pádì láìtú nǹkan kan. Dírọ́ọ̀mù náà ní tiẹ̀ o. Ọ̀kan nínú ṣúù ẹ̀ máa ń wọ́ mọ́ dírọ́ọ̀mù bó ṣe ń yí, ó ń fi agbára kún agbára, ìdí nìyẹn tí hándibíréékì oní-dírọ́ọ̀mù fi máa ń di ọkọ̀ mú lórí òkè láìmira. Dísìkì ò ní irú agbára yẹn, ẹ máa rí ibi tí ìyẹn ti bá mi.

Ó yá, mo gba Ládípò lọ ní Múṣin. Kò sóhun tí wọn ò tà ní Ládípò, kéèyàn mọ ohun tóun ń wá gan-an ni iṣẹ́. Èmi wá ń ṣa nǹkan rà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ torí pé mò ń wá ọ̀pọ́, kálípà (ohun tó ń fún pádì mọ́ dísìkì) ní ṣọ́ọ̀bù kan, dísìkì ní òmíì, stub axle (irin tí táyà ẹ̀yìn ń yí lórí ẹ̀) ní ìta lórí tápólì. Mo dé Iléṣà, a tú ẹrù, ẹ̀rín ni ọ̀gá mẹkáníìkì kọ́kọ́ rín. Dísìkì tí mo rà, ihò bóòtù táyà márùn-ún ló ní. Golf 3 náà ni lóòótọ́, oníṣọ́ọ̀bù ò parọ́, àmọ́ VR6 àti 16V, àwọn Golf tí ẹ́ńjìnì wọn lágbára jù, ló ń lo bóòtù márùn-ún, tèmi jẹ́ mẹ́rin. Kálípà méjèèjì ńkọ́? Òsì àti òsì. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ní òsì àti ọ̀tún, mo kàn rí i pé wọ́n jọra, mo ní wọ́n bára wọn mu. Ẹ gbé méjèèjì síwájú ara yín, ẹ dojú wọn kọra: apá tí kébù hándibíréékì ń fà gbọ́dọ̀ kọjú síra wọn, nípù tí wọ́n fi ń fa afẹ́fẹ́ jáde sì gbọ́dọ̀ wà lókè lára àwọn méjèèjì bí wọ́n bá wà nípò wọn. Tí nípù bá wà nísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ ò ní jáde láéláé, ẹ lè bílíìdì títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Bí a ṣe wà nínú ìyẹn, ọmọ iṣẹ́ kan ti gbé kébù hándibíréékì dírọ́ọ̀mù mi wá, ó ní kò gùn tó, àmọ́ tá a bá fi wáyà so ó mọ́ apá kálípà á ṣiṣẹ́. Wáyà tí wọ́n fi ń di irin ilé ló mú lọ́wọ́ o. Mo ní kó gbé e sílẹ̀.

Mo padà sí Ládípò, mo pàdánù owó lórí pàṣípààrọ̀, ìyẹn ò ṣeé sọ. Ìgbà kejì yìí mo wá ọkọ̀ tí wọ́n gé. Mo rí odindi áàsù ẹ̀yìn Golf GTI, ẹ́ńjìnì 2.0 oní-fáàfù mẹ́jọ, bóòtù mẹ́rin, tí gbogbo nǹkan ṣì wà lára ẹ̀ bí wọ́n ṣe tú u: dísìkì, kálípà, bíráákẹ́ẹ̀tì, stub axle, kébù méjèèjì, họ́ọ̀sì, títí kan irin kan tó ní sípíríìn tó so mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ tí mi ò mọ iṣẹ́ ẹ̀ nígbà yẹn. Owó ẹ̀ pọ̀ ju ti gbogbo kéékèèké tí mo ti rà lọ. Síbẹ̀ òun ni n bá ti kọ́kọ́ rà. Nǹkan tó wá látara ọkọ̀ kan náà ti mọ ara wọn, ẹ ò ní máa bá ihò àti gígùn kébù jà.

A wọn dísìkì wọn kí n tó sanwó. Ti Golf 3 ẹ̀yìn, 226 mílímítà ni fífẹ̀ ẹ̀, 10 mílímítà ni nínípọn ẹ̀ nígbà tó bá wà ní tuntun, tó bá ti di 8, ó ti tán. Ẹ má fi ìka wọ̀n ọ́n, ẹ mú ohun ìwọ̀n lọ́wọ́, torí etí dísìkì máa ń nípọn, àárín tí pádì ti ń jẹ ẹ́ lẹ máa wọ̀n. Ẹ tún wo inú ẹ̀, torí ara dísìkì yẹn ni bẹ́àrìn ti ń jókòó. Tí bẹ́àrìn bá ti ń dún tẹ́ ẹ bá fi ọwọ́ yí i, owó bẹ́àrìn wà lórí owó dísìkì nìyẹn.

Mi ò gbé odindi áàsù sí i, búùṣì àti sọ́kì tèmi ṣì dáa, stub axle àti gbogbo ohun tó wà lára ẹ̀ la tú bọ́ sára tèmi. Bóòtù mẹ́rin ló di ọ̀kọ̀ọ̀kan mú láti ẹ̀yìn, gbogbo wọn ti dípẹtà. Ọ̀gá ní ká da ọ́ìlì ìtúpẹtà sí i ká sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ó jáde lọ jẹun, ọmọ iṣẹ́ ní òun lágbára, ó ki páìpù bọ ẹnu sípánà kó lè gùn, ó fà á, orí bóòtù kan já kúrò. Ojúmọ́ kan gbáko la fi ń lu ihò sí bóòtù yẹn ká tó yọ ọ́.

Páìpù bíréékì náà tún wà níbẹ̀. Nọ́ọ̀tì kékeré tó so páìpù irin mọ́ họ́ọ̀sì rọ̀, tẹ́ ẹ bá fi sípánà lásán tú u, igun ẹ̀ á jẹ, á máa yọ̀, ẹni tó ń tú u á wá fi páláyà mú un, páìpù á lọ́ pọ̀. Èyí tó ṣẹlẹ̀ sí tèmi nìyẹn lápá ọ̀tún. Sípánà kan wà tó dà bíi ríǹgì tí wọ́n la ẹnu ẹ̀, òun ni wọ́n fi ń tú u. Ẹnì kan dá a lábàá pé ká gbé páìpù náà fún wẹ́dà kó jó o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jó páìpù bíréékì. Tuntun la ṣe.

Ó ku pádì. Mo ra tuntun, torí pádì tokunbọ̀, ta ló mọ ohun tó ti kán sí i lórí. Kí pádì tuntun tó lè wọlé, písítínì, ìyẹn irin inú kálípà tó ń ti pádì, gbọ́dọ̀ padà sínú. Ti kálípà iwájú, klámpù ni wọ́n fi ń tì í wọlé, ó tán. Ti ẹ̀yìn tó gbé hándibíréékì sínú ò rí bẹ́ẹ̀ rárá, síkúrù wà nínú ẹ̀, ṣe ni wọ́n máa ń yí i sọ́wọ́ ọ̀tún bí wọ́n ṣe ń tì í lọ, ojú písítínì náà ní àwọn ibi tí irinṣẹ́ ẹ̀ ń wọ̀ sí. Ọmọ iṣẹ́ ti fi klámpù fún un kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, ó fún un, ó tún fún un, rọ́bà tó yí písítínì ká ló já. Mo ra kíìtì, ìyẹn àwọn rọ́bà tuntun fún kálípà. Irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń yí i ò wọ́n, kíìtì yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ẹ̀.

Bàbá kan wà ládùúgbò wa tó ti ń tún Volkswagen ṣe látìgbà tí wọ́n ti ń to Beetle pọ̀ ní Ọ̀jọ́ l'Ékòó. Ojú bàbá ò ríran dáadáa mọ́, ó kàn máa ń wá jókòó ni. Ọ̀gá mẹkáníìkì mi ti fẹ́ fi sípánà gígùn di nọ́ọ̀tì bẹ́àrìn pinpin, bàbá gbọ́ ìró ẹ̀, ó dìde.

“Kí lò ń ṣe yẹn? O fẹ́ jó bẹ́àrìn ọlọ́kọ̀ ni? Sún, jẹ́ n fi hàn ẹ́.”

“Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, mo rò pé ó gbọ́dọ̀ le ni.”

“Bóòtù táyà ló gbọ́dọ̀ le.”

Ó ní kí ọmọ iṣẹ́ máa yí dísìkì láìdúró. Òun fúnra ẹ̀ ń di nọ́ọ̀tì bọ̀ títí dísìkì fi wúwo lọ́wọ́ ọmọ yẹn, ó wá tú u padà díẹ̀, ó fi ẹnu sukudíráfà kan wáṣà tó wà lábẹ́ nọ́ọ̀tì, kò fi wọ́ nǹkan kan o, ó kàn fi ọwọ́ tì í jẹ́jẹ́, wáṣà yẹn yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ìbú èékánná. Ó ní, “Ibẹ̀ nìyẹn. Tí kò bá yẹ̀, ó ti le jù. Tó bá ń yẹ̀ lọ yẹ̀ bọ̀, ó ti dẹ̀ jù.” Ó de irin onígun tí wọ́n fi ń ti nọ́ọ̀tì pa lé e, ó ki kọ́tà pínnì tuntun bọ̀ ọ́, ó padà lọ jókòó. Gbogbo owó tí mo ná lórí iṣẹ́ yìí, mi ò rí èyí tó wúlò tó ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn, bàbá ò sì gba kọ́bọ̀.

Ọ́ìlì bíréékì: oríṣi tí wọ́n kọ DOT 4 sí lára ni, kó jẹ́ èyí tí wọn ò tíì ṣí. Ó máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, nítorí náà ìdajì ìgò tó ti wà ní ṣẹ́ẹ̀fù mẹkáníìkì láti ọdún tó kọjá, ẹ fi sílẹ̀ fún un. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n da ọ́ìlì sítíárìn tàbí ọ́ìlì ẹ́ńjìnì sí i láé, gbogbo rọ́bà inú másítà sílíńdà ló máa wú. Tó bá sì kán sára ọkọ̀ ẹ tètè fi omi fọ̀ ọ́, ó ń jẹ ọ̀dà. Ẹ̀gbẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì mi ṣì ní àpá ẹ̀. Ẹ̀yìn ọ̀tún la ti bẹ̀rẹ̀ sí í fa afẹ́fẹ́ jáde, lẹ́yìn náà ẹ̀yìn òsì, iwájú ọ̀tún, iwájú òsì.

Ẹsẹ̀ bíréékì wá lọ sílẹ̀ díẹ̀ ju tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ̀rù tún bà mí, mo rò pé afẹ́fẹ́ ṣì kù. Kì í ṣe afẹ́fẹ́. Písítínì kálípà tóbi ju ti wíìlì sílíńdà lọ dáadáa, ọ́ìlì tó máa kún un pọ̀ jùyẹn lọ, ẹsẹ̀ á sì rìn díẹ̀ kó tó mú. Tó bá rọ̀ bíi fóòmù, afẹ́fẹ́ nìyẹn. Tó bá kàn lọ sílẹ̀ díẹ̀ tó sì le nígbà tó dúró, kò sí wàhálà.

Ibi tó le jù nìyí o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń fo àwọn ìlà kan ẹ padà wá ka èyí. Bí ọkọ̀ bá jáde nínú ṣọ́ọ̀bù, gbogbo èèyàn á gbà á títì, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ wò, á dúró, wọ́n á pàtẹ́wọ́. Èmi náà fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Bàbá ló ní rárá, ká gbé e lọ síbi ilẹ̀ gbalasa tí kò sẹ́nikẹ́ni, ilẹ̀ pupa, kí n sáré bíi 40 kí n sì tẹ̀ ẹ́ le lẹ́ẹ̀kan, kí ẹnì kan sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó máa wo táyà. Mo tẹ̀ ẹ́. Ìdí ọkọ̀ fò yà sọ́wọ́ ọ̀tún, kí n tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ mo ti fẹ̀gbẹ́ kọjú síbi tí mo ti ń bọ̀. Mo sọ̀kalẹ̀ wo ilẹ̀. Ojú ọ̀nà táyà ẹ̀yìn méjèèjì gùn gbọọrọ lórí ilẹ̀, wọ́n ti fà á bí ẹni fi ọkọ́ kọ poro, táyà iwájú ò fi àpá kankan sílẹ̀. Ẹ̀yìn ti kọ́kọ́ há kí iwájú tó mú. Ẹ wá fojú inú wò ó ká ní òkè Ẹ̀fọ̀n ni, lọ́jọ́ òjò, pẹ̀lú tírélà níwájú.

Ẹ̀yìn kò gbọdọ̀ há kí iwájú tó há. Táyà tó bá ti há ò lè darí ara ẹ̀ mọ́, bó bá jẹ́ iwájú ló kọ́kọ́ há, ọkọ̀ á yọ̀ lọ síwájú, ẹ tú ẹsẹ̀ díẹ̀, sítíárìn á padà. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn ni, ọkọ̀ á yí, ẹ ò sì ní ráàyè ṣe nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tí Volkswagen fi ṣe ohun kan síbẹ̀ tó ń dín agbára tó ń lọ sẹ́yìn kù. Lára tèmi, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ áàsù ẹ̀yìn, ó ní apá kan tí sípíríìn so mọ́ áàsù: tí ẹrù bá wà lẹ́yìn, ìdí ọkọ̀ á tẹ̀, sípíríìn á fà á, á jẹ́ kí ọ́ìlì púpọ̀ lọ sẹ́yìn, tí kò bá sẹ́rù, á sé e kù. Apá yẹn lára ọkọ̀ mi ti dípẹtà, ó há síbi tí ọkọ̀ tó kún fún ẹrù máa ń wà. Ó ti há látọjọ́ pípẹ́. Dírọ́ọ̀mù mi tó ti kú lẹ́yìn ni kò jẹ́ ká mọ̀, bíréékì tí ò mú ò lè há. Ìgbà tí a wá fi bíréékì tó mú síbẹ̀ ni àṣírí tú.

Ẹ rántí irin kan tó ní sípíríìn tó bá áàsù GTI wá? Òun nìyẹn. A ti jù ú sí kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú irin àlòkù, àwọn tó ń ra irin ti gbé gẹngẹ wọn wá lówùúrọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, Ọlọ́run ló ṣe é tí wọn ò gbé e. A fọ̀ ọ́, apá ẹ̀ ń lọ ń bọ̀ wẹ́rẹ́, a dè é sí i, a tún fa afẹ́fẹ́ jáde. A padà sórí ilẹ̀ pupa. Lọ́tẹ̀ yìí táyà iwájú ló fi àpá sílẹ̀, ọkọ̀ sì dúró lórí ìlà ẹ̀. Mo dì ẹrù sẹ́yìn, mo tún un tẹ̀, bákan náà. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ló máa sọ pé kẹ́ ẹ yọ nǹkan yẹn dànù, pé kò wúlò, kẹ́ ẹ kàn so páìpù pọ̀. Ẹ má gbọ́ o.

Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò tẹ̀ ẹ́ le fún bíi 200 kìlómítà kí pádì tuntun lè jókòó sí ojú dísìkì. Inú mi dùn. Ó wá di alẹ́ ọjọ́ kan tí mo dé láti Adó tí mo gbóòórùn nǹkan tó ń jó. Mo fọwọ́ kan ríìmù ẹ̀yìn òsì, mo yára fà á padà. Ti ọ̀tún ò gbóná. Mo wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ní kí ọmọ mi gbé hándibíréékì sókè kó sọ ọ́ kalẹ̀, apá kálípà ọ̀tún padà dé ìdí ẹ̀, ti òsì dúró sí àárín. Àìsàn tí wọ́n mọ̀ mọ́ kálípà ẹ̀yìn Golf 3 nìyẹn, omi máa ń wọ ibi tí apá yẹn ti ń yí, á dípẹtà, á há, pádì á máa wọ́ mọ́ dísìkì bẹ́ ẹ ṣe ń lọ. Tokunbọ̀ tó ti pẹ́ nílẹ̀ ló sì máa ń ṣe jù. Wọ́n tú u, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n fi gírísì sí i, ó gbà. Àwọn kan máa ń wá kálípà Golf 4 tí ara ẹ̀ jẹ́ alumíníọ̀mù torí ìyọnu yìí, họ́ọ̀sì ẹ̀ ló kàn yàtọ̀. Èmi ò tíì débẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣètò hándibíréékì náà ṣe pàtàkì. Ẹ má kọ́kọ́ fọwọ́ kan kébù. Ẹ tẹ bíréékì ẹsẹ̀ léraléra, ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa, kí kálípà kọ́kọ́ sún pádì mọ́ dísìkì fúnra ẹ̀. Ìgbà yẹn lẹ wá fún kébù títí apá kálípà á fi fẹ́ kúrò nídìí ẹ̀, kẹ́ ẹ sì dá a padà díẹ̀. Mẹkáníìkì tó bá ń fún kébù torí pé hándibíréékì ò mú, tí kò sì wo apá yẹn, pádì yín ló ń jẹ.

Síbẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ètò yìí, hándibíréékì mi ò lágbára tó ti dírọ́ọ̀mù. Ní òkè tó ga, mo máa ń fi ọkọ̀ sí jíà kìíní, mo sì ń fi òkúta sẹ́yìn táyà. Mo sì ń fà á lójoojúmọ́, kódà lórí ilẹ̀ títẹ́jú, torí èyí tí wọn ò bá lò ló máa ń tètè há.

Wáyà iná ti padà sórí agolo ọ́ìlì, èmi fúnra mi ló dá a padà. Lójú òjò, bíréékì mi ń mú lẹ́yìn àbàtà bó ṣe ń mú lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ìyẹn ni mo rí gbà, ó sì dáa. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n ń wà láàárín ìlú nìkan ni, mi ò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti ṣe é. Ọ̀gá mẹkáníìkì mi gba dírọ́ọ̀mù àti gbogbo ohun tí a tú kúrò lọ́wọ́ mi, ó fi wíìlì sílíńdà àti ṣúù tuntun sí i, ó ta á fún ẹnì kan tó ní Vento. Mo pàdé onítọ̀hún ní ilé epo láìpẹ́ yìí, mo bi í pé báwo ni bíréékì ẹ̀yìn. Ó ní bíréékì wo, pé òun ò tíì rántí pé ó wà níbẹ̀ látìgbà tóun ti rà á.